Ọmú Kì Í Ṣe Ògì

Ummulkulthum dúró níwájú síńkì tó wà ní igun wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, ó kẹ̀yìn sí gbogbo èèyàn. Ìgò kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ọmú ni ó sì wà nínú rẹ̀. Láti ìdájí tí wọ́n ti fún ọmú náà ni ó ti dúró jẹ́ẹ́ nínú kúlà, ó sì ti pín ara rẹ̀ sí méjì: ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí omi tí a fi fọ ìrẹsì, òkè rẹ̀ sì ki, ó ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀, bí ọ̀rá tó dì sójú ọbẹ̀ àná. Ọmọbìnrin náà rọra tẹ ìgò náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó da òkè tó ki yẹn sínú síńkì, ó ṣí omi lé e lórí, ó sì wo ọ̀tún wo òsì. Kò sí ẹni tó rí i. Ohun tó kù nínú ìgò ṣì kún dé ojú ìlà ogún, iye tí dókítà ní kí ọmọ máa mu lẹ́ẹ̀kan. Ó mí kanlẹ̀. Ní tirẹ̀, kò jalè, kò sì purọ́. Omi orí lásán ni ó dànù.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ummulkulthum, tí gbogbo ilé ń pè ní Ummu. Ó ku ọdún kan kí ó ṣe ìdánwò àṣejáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ sì ni wọ́n wà. Ìyá rẹ̀, Àlàájà Bàṣírátù, ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní ìsọ̀ tí ìyá tirẹ̀ náà ti tà á títí ó fi kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, Jùbrílù, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Ewékorò lọ sí òkè ọya. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́nu ìrìn kí ó tó padà wálé. Ẹnu ìrìn bẹ́ẹ̀ ni ó wà nígbà tó pàdé Ọ̀ṣunníkẹ́ ní Papalanto, ọmọ àgbẹ̀ kan tí àwọn òbí rẹ̀ ṣì ń bọ odò wọn ní abúlé. Àlàájà kò kọ̀ ọ́ ní ìyàwó. Ṣùgbọ́n ojú tí ó fi ń wò ó kò tíì rọ̀ tán. Bí ìyàwó bá se ọbẹ̀ tó dùn, Àlàájà á ní ó dùn, àmọ́ á kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó sọ ọ́.

Ọ̀ṣunníkẹ́ fi ọdún mẹ́wàá ju Ummu lọ. Síbẹ̀, ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó, nítorí ọkọ rẹ̀ ni ọmọ náà jẹ́ nípa àṣà. Ọ̀ṣunníkẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó wo awọ dúdú tó ń dán lára Ummu, tó sì sọ ọ́ ní Adúmáadán. Ummu fẹ́ràn orúkọ náà. Bí ó bá gbọ́ ọ láti inú ilé ìdáná, a máa sáré lọ jẹ́ ẹ.

Nígbà tí oyún Ọ̀ṣunníkẹ́ pé oṣù méje ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru sókè, tí ojú rẹ̀ wú, tí wọ́n sì gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde. Ọkùnrin ni, kò sì tóbi ju ẹyẹlé lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sọ ọ́ ní Zàíd láìpe àlejò kankan jọ. Kò lè fa ọmú, kò sì lè gbé nǹkan mì. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n gba ihò imú rẹ̀ tì bọ inú ikùn rẹ̀, inú àpótí gíláàsì tó ń móoru ni wọ́n sì tẹ́ ẹ sí. Wọ́ọ̀dù ìyá rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀, ti àwọn ọmọ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Dókítà ní kí ìyá má tíì gun àtẹ̀gùn rárá. Nítorí náà, ìyá á fi ọwọ́ fún ọmú sínú ìgò nísàlẹ̀, Ummu á gbé e gòkè, á sì bá wọn bọ́ ọmọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe ti òru.

Nọ́ọ̀sì Harriet ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà: wọ́n á da ọmú sínú síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́, tí wọ́n kì bọ ẹnu rọ́bà náà, ẹni tó ń bọ́ ọmọ á sì gbé e sókè. Àgbà obìnrin ni, tó máa ń fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn, tí kì í sì í rẹ́rìn-ín nígbà tó bá ń ṣàwàdà.

"Apá rẹ ni òpó tí a fi ń gbé síríńjì ró," ni ó wí. "Bí ó bá rẹ̀ ọ́, pè mí. Má fi kọ́ ìṣó, kí o máa bá tìrẹ lọ. Ọmú náà á rọra wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó lè tó ìdajì wákàtí."

Lẹ́yìn náà ni ó gbé ìgò náà sókè, tó ń ṣàlàyé pé èèyàn kì í gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń gbọ̀n ìgò oògùn. Ìgbà náà gan-an ni fóònù Ummu gbọ̀n nínú àpò rẹ̀. Títílọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, ni. Àwọn ẹgbẹ́ wọn fẹ́ ká fídíò ijó kan fún ìdíje orí ẹ̀rọ ayélujára, wọ́n sì ń bi í bóyá yóò wá. Ummu yọ́jú wo fóònù náà. Nígbà tó fi gbé ojú sókè, Nọ́ọ̀sì Harriet ti ń dé ìgò náà padà.

"Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, mà."

Kò yé e. Ó gbọ́ pé kí òun má gbọ̀n ọ́n, kò gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e. Ojú sì tì í láti ní kí wọ́n tún un sọ.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ wẹ́rẹ́. Apá a máa ro ó, ọrùn a máa ro ó, ṣùgbọ́n ó ń fara dà á. Ní ọjọ́ karùn-ún, àwọn Títílọlá wá dúró dè é lábẹ́ igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára. Ọmú ọjọ́ náà kò sì yára. Bí òkè tó ki yẹn bá ti dé ẹnu rọ́bà, á dúró, á máa rọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ dé ibi tó ń lọ. Títílọlá fi ohùn ránṣẹ́ sí i pé bóyá ó ti di nọ́ọ̀sì tán, kí wọ́n wá bá a dáwó aṣọ funfun. Ummu rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ta á.

Ní oúnjẹ ọ̀sán ni èrò kan sọ sí i. Ní ilé wọn, òun ni ó máa ń tọ́jú ògì. Ní òròòwúrọ̀ a máa da omi orí rẹ̀ nù, a máa bu tuntun sí i, nítorí gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá ló mọ̀ pé ìdí ìkòkò ni ògì gidi máa ń wà. Omi orí kò ṣe é mu yó. Ó wo ìgò ọmú náà. Ọ̀ṣunníkẹ́ máa ń fún un kọjá ìlà ogún, kí ó má baà kù díẹ̀ fún ọmọ. Ó ń fi ìrora fún àlékún yẹn. Ummu da àlékún náà nù láti òkè. Èyí tó kù ṣàn wọlé wọ̀ọ̀rọ̀, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi parí. Ó sáré sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ máńgòrò, ó sì jó débi tí àwọn tó ń kọjá fi dúró wò ó.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti di àṣà rẹ̀.

Ọmọ tó ti ń lé díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá dúró sójú kan. Lórí òṣùwọ̀n, kílò kan àti irínwó gíráàmù ni lọ́jọ́ Ajé. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́rú. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, ó ti fi ogún gíráàmù dín. Ara kò kọ́kọ́ fu Ummu. Ó rò pé bí ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ṣe máa ń rí nìyẹn. Àwọn dókítà ń wá àrùn lára ọmọ. Wọ́n gún un ní gìgísẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti fi gba ẹ̀jẹ̀. Ẹkún rẹ̀ kò ròkè ju igbe ọmọ ológbò lọ. Ummu ń wo gìgísẹ̀ náà, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ lọ, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọpẹ́olúwa dé sí wọ́ọ̀dù náà. Káfíńtà ni, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì tí oṣù wọn kò pé. Nọ́ọ̀sì Harriet ń kọ́ ọ bí ó ti kọ́ Ummu, ẹ̀gbẹ́ àpótí Zàíd ni wọ́n sì dúró sí. Ummu gbé síríńjì sókè, ó ń gbọ́ wọn láìfẹ́ gbọ́.

Ọkùnrin náà wo ìgò ọmú, ó fi ìtìjú béèrè bóyá kí òun kọ́kọ́ da ti òkè yìí nù, nítorí ó jọ pé ó ti ń bàjẹ́.

"Bàbá Ìbejì," ni Nọ́ọ̀sì Harriet wí, "ọmú kì í ṣe ògì. Ojúlówó ti ògì ló ń lọ sísàlẹ̀. Ti ọmú, òkè ló ń léfòó sí. Ọ̀rá tí ẹ rí yẹn, òun ni yóò bo egungun ọmọ yín, òun náà ni ọpọlọ rẹ̀ ń jẹ. Ẹ má gbọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ rọra yí ìgò náà bí ẹni ń yí ife tíì, títí òkè àti ìsàlẹ̀ yóò fi di ọ̀kan. Ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́ jù nínú síríńjì. Ọ̀rá a máa lẹ̀ mọ́ ara rọ́bà. Bí ẹ bá fi ṣòfò, rọ́bà ni ẹ ń bọ́, ẹ kò bọ́ ọmọ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ìbá ti fi oúnjẹ àwọn ọmọ òun bọ́ síńkì.

Ummu ṣírò rẹ̀ nínú ọkàn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ó wo Zàíd nínú gíláàsì, ó rí egungun ìhà rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò bí ọwọ́ tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀.  Ó yẹ kí ó sọ ọ́ níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà wà nítòsí tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ó ronú ojú tí gbogbo wọ́ọ̀dù yóò fi wo òun, ó sì yí ojú sí síríńjì tó gbé dání. Ó bá ara rẹ̀ ṣe àdéhùn kan, irú èyí tí àwa èèyàn máa ń bá ara wa ṣe nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá: òun kò ní í da nǹkan nù mọ́, òun yóò máa yí ìgò náà dáadáa, ọmọ náà yóò sanra, ọ̀rọ̀ yóò sì parí. Kí ni ó kù tí ẹnikẹ́ni ń fẹ́ mọ̀?

Ó gbé ìgò òfìfo lọ sísàlẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti bá ìyá rẹ̀.

Àlàájà jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ọ̀ṣunníkẹ́, ó di ọ̀já rẹ̀ mọ́dìí gírígírí. Àwo funfun pẹlẹbẹ kan wà níwájú rẹ̀, ọmú tí Ọ̀ṣunníkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún sì wà nínú àwo náà. Bébà tí ó ká wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tú bébà náà, ó gbọ̀n ọ́n, èèrà bíi márùn-ún jábọ́ sínú ọmú.

"Ohun tí ìyá ìyá mi ṣe nìyí," ni Àlàájà wí pẹ̀lẹ́, "nígbà tí ọmọ kan kọ̀ tí kò lé nínú ilé wa. Bí èèrà bá jáde, ọmú dára. Bí ó bá kú sínú rẹ̀, ọmú korò."

Àwọn abiyamọ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì òdìkejì gbé orí sókè. Àwọn èèrà náà fi ẹsẹ̀ gbá omi funfun náà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọn kò gbá a mọ́.  Àlàájà wo àwo náà pẹ́. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ìbá sàn kí ó pariwo. Ó kàn ní kò sí ẹ̀bi, pé bóyá odò abúlé wọn ni kò bá ti ilé àwọn mu, pé láti ọ̀la òun yóò máa ra mílíìkì inú agolo, kí ìyàwó òun sinmi ọmú fífún.

Ọ̀ṣunníkẹ́ tẹrí ba. "Ẹ ṣeun, mà," ni gbogbo ohun tó sọ. Ó fa aṣọ bo àyà rẹ̀, ó sì yí ojú sí ògiri.

Ummu dúró sẹ́nu ọ̀nà, ìgò òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo péré ni ọ̀ràn náà ń fẹ́. Ó ya ẹnu, ó sì pa á dé. Ìyá rẹ̀ ní kí ó wá bá òun gbé báàgì, ó sì gbé báàgì náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ padà sí ilé ìdáná. Títílọlá fi fídíò wọn ránṣẹ́, ó ní èèyàn púpọ̀ ti wò ó. Ummu rí ara rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń jó, ó ń yí bí òkòtó, eyín rẹ̀ funfun báláú. Kò lè wò ó dé ìparí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò bá ìgò kankan lórí tábìlì Ọ̀ṣunníkẹ́. Bẹ́ẹ̀dì náà ṣófo. Nọ́ọ̀sì kan ní ó ti rọra rìn lọ sí ilé ìwẹ̀. Ummu wá a lọ síbẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn díẹ̀, ó sì dúró.

Ọ̀ṣunníkẹ́ fara ti síńkì, ó fi ọwọ́ kan di ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ rẹ̀ mú. Ọwọ́ kejì ni ó fi ń fún ọmú rẹ̀ dànù, nítorí ó ti kún, ó sì le bí òkúta. Omi ẹ̀rọ ń ṣàn lórí rẹ̀, ó ń gbé e lọ. Kò sunkún. Ó ń ṣe é bí ẹni ń fọ àwo tí kò níí lò mọ́.

Ummu mọ ohun tó ń wò. Ara rẹ̀ ni ó ń wò.

Ó wọlé, ó sì kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tútù náà.

Ọ̀ṣunníkẹ́ bojú wẹ̀yìn, ẹ̀rù bà á. Ọmọ ilé ọkọ kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó. "Adúmáadán, kí ló dé? Ẹ dìde. Ṣé ọmọ mi ni?"

"Ọmọ wà láàyè, Àǹtí. Ẹ má fún un dànù mọ́. Ọmú yín kò korò." Ohùn rẹ̀ já, ó sì tún un mú. "Èmi ni mo ń da òkè rẹ̀ nù. Ó ti di ọjọ́ mẹ́wàá. Mo fẹ́ kó yára tán kí n lè lọ jó. Àná ni mo mọ̀ pé òkè yẹn gan-an ni oúnjẹ ọmọ. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Ìyá da èèrà sí i, mo sì dákẹ́."

 Ọ̀ṣunníkẹ́ na ọwọ́, ó sì ti ẹ̀rọ omi náà.

"Ẹ bá mi mú ìgò wá," ni ó wí. Kò pè é ní orúkọ kankan.

Ummu kò dúró kí ẹlòmíràn sọ èyí tó kù. Ó gòkè lọ bá Nọ́ọ̀sì Harriet, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ láìyọ ọ̀kan kúrò. Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó bi í léèrè iye tó máa ń dànù, láti ọjọ́ wo, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ náà. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé òun náà ìbá ti túbọ̀ máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n pé láti ìgbà yẹn lọ, Ummu kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan síríńjì mọ́. Kò sọ̀rọ̀ sókè, ṣùgbọ́n wọ́ọ̀dù kékeré ni, etí sì pọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí Àlàájà fi dé pẹ̀lú agolo mílíìkì nínú báàgì rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tàn dé ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì Harriet sọ̀kalẹ̀ wá, ó gbé ife tí a lè rí inú rẹ̀ dání, ọmú tí ó ti dúró fún wákàtí mélòó kan wà nínú rẹ̀, ó sì fi òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ han Àlàájà. Ó ní bí ọmú bá wà fún irú ọmọ yìí, ti agolo kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí ìfun rẹ̀ kò tíì gbó. Àlàájà wo ife náà, ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n èèrà ńkọ́?

"Àlàájà," ni Nọ́ọ̀sì Harriet wí láìrẹ́rìn-ín, "bí èèrà bá já sínú tíì yín láàárọ̀, ṣé ó máa ń lúwẹ̀ẹ́ jáde ni?"

Abiyamọ kan lódìkejì fi ọwọ́ bo ẹnu.  Àlàájà jókòó, ó wo ọmọ rẹ̀ tó dúró sí igun, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó dìde, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti agolo mílíìkì náà wọ ìsàlẹ̀ báàgì rẹ̀. "Ìyàwó mi," ni ó wí, "ọwọ́ mi ni èèrà náà ti jábọ́. Má bínú sí mi." Kò dákẹ́ rárá kí ó tó sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ọmú tí ọkàn obìnrin ti kúrò lára rẹ̀ kì í padà lọ́jọ́ kan. Fún ọjọ́ mẹ́ta, bó ti wù kí Ọ̀ṣunníkẹ́ fún un tó, kì í dé ìlà ogún. Ìtàn ẹni tó ń da ọmú nù sì ti kárí ilé ìwòsàn. Bí Ummu bá ń kọjá lọ, àwọn obìnrin á rẹ ohùn wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ tó kù fún un ni kí ó máa se ìgò nínú omi gbígbóná, kí ó máa gbé kúlà dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, kí ó sì padà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fa fóònù rẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Títílọlá wá bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, ó ní ọmọ kò ṣáà kú. Ummu kò bá a jiyàn. Ó kàn ní kí ó máa lọ sílé.

Jùbrílù ti òkè ọya dé ní ọjọ́ karùn-ún, eruku ọ̀nà ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ummu ti múra sílẹ̀ de ìgbájú. Kò gbá a. Ó jókòó tì í lórí àga gígùn tó wà ní ìta wọ́ọ̀dù.

"Nígbà tí Ìyá ń da èèrà sínú àwo," ni ó bi í, "ibo lo wà?"

"Mo wà níbẹ̀, Bùọ̀dá mi."

Ó mi orí, ó dìde, ó sì wọlé lọ bá ìyàwó rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí di òní, Ummu kò gbàgbé pé kì í ṣe ọmú tí òun dànù ni ẹ̀gbọ́n òun béèrè.

Díẹ̀díẹ̀ ni ọmú padà, díẹ̀díẹ̀ ni òṣùwọ̀n sì ń gòkè. Ogún gíráàmù. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọgbọ̀n. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Zàíd ti yọ díẹ̀, ìhà rẹ̀ kò sì ṣe é kà mọ́. Dókítà ti gbà kí ìyá rẹ̀ máa gun àtẹ̀gùn, òun fúnra rẹ̀ sì ni ó ń bọ́ ọ. Ummu a máa gbé kúlà dé ẹnu ọ̀nà, a sì dúró síbẹ̀ bí àlejò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọgbẹ́ ta Ọ̀ṣunníkẹ́ bó ti gbé síríńjì sókè. Ó fi ọwọ́ kejì ti apá náà, kò tó. Nọ́ọ̀sì Harriet wà ní òdìkejì, ó rí i, ó sì yí ojú sí iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀ṣunníkẹ́ kò wo ẹ̀yìn.

"Adúmáadán," ni ó wí, "ẹ wá bá mi gbé e ró. Ẹ kọ́kọ́ yí èyí tó kù nínú ìgò."

Ummu fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó mú ìgò náà, ó rọra yí i, ó sì ń wo bí òkè tó ki ti ń sọ̀kalẹ̀ wọ inú ìsàlẹ̀ tó fẹ́lẹ́, títí àwọ̀ méjèèjì fi di ọ̀kan. Ó gba síríńjì, ó gbé e sókè. Ó lé ní ìdajì wákàtí. Apá ro ó, ọrùn ro ó, kò sì gbé e kalẹ̀. Lójú rẹ̀ ni omi funfun náà ṣe ń gba inú rọ́bà kọjá, tí ẹnu ọmọ náà ń lá nǹkan díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ti ń kọ́ bí a ti ń fa ọmú.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹni tí a bá fi nǹkan ṣọ́, etí méjèèjì ni kí ó fi gbọ́ àṣẹ, kí ó má sì jẹ́ kí ìtìjú dí òun lọ́wọ́ láti béèrè ohun tí kò yé e. Àìfetísílẹ̀ Ummu burú, ṣùgbọ́n àṣìṣe ni, a sì lè tún àṣìṣe ṣe. Dídákẹ́ tó dákẹ́ títí ẹlòmíràn fi ru ẹrù ìtìjú rẹ̀ níwájú èèyàn, òun ni ó sọ àṣìṣe di ìkà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ tí Ummu kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù yẹn ni ojú tì í jù lọ láyé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà sì ni ó ti lè wo ojú ọmọ náà.